Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n, Oògùn Méjì: Propranolol àti Levodopa Lára Bàbá Kan ní Ìkéré-Èkìtì

Bàbá ẹni ọdún 67, tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé ní Ìkéré-Èkìtì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá. Ó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́, amlodipine 10 mg ló sì ń lò sí i lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Kò ní ìtọ̀ ṣúgà, kò ní ikọ́ fée, rọpárọsẹ̀ kò sì mú un rí. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa wá ilé rẹ̀ kiri: ẹnì kan pàtó kọ́ ni bàbá yìí. Ohun tí à ń rí lára ọ̀pọ̀ aláìsàn la kó jọ sórí rẹ̀, kí ọ̀nà tí irú ọ̀rọ̀ yìí máa ń gbà lè hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.)

Ẹnì kan nínú ẹbí ló sọ fún un pé oògùn kan wà tó ń ṣiṣẹ́ fún ọwọ́ gbígbọ̀n àti ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́ẹ̀kan náà. Irọ́ kọ́, propranolol ni oògùn náà. Ó rà á ní kẹ́míìsì, wọ́n ní kó máa lo 40 mg lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Kò sí ẹni tó ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù kó tó gbé ẹyọ àkọ́kọ́ mì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òòyì ń kọ́ ọ bó bá dìde, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, àárẹ̀ kì í jẹ́ kó rìn dé ìta. Ó wá ṣubú ní balùwẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ kan. Ìgbà yẹn ni ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó-Èkìtì.

Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọkàn rẹ̀ ń lù nígbà 46 nínú ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní 104/62. Ọwọ́ ọ̀tún sì ń gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sọ pé ó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ bí bàbá bá dìde ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bó bá jókòó jẹ́ẹ́ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ibẹ̀ ló ti ń le jù. Gbólóhùn yìí ló tú àṣírí àìsàn náà, nítorí gbígbọ̀n tí propranolol ń tọ́jú kì í ṣe báyẹn.

Ohun tí propranolol lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe

James Black ló ṣe àwárí propranolol ní Bìrìtéènì ní àwọn ọdún 1960, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòroó yé. Adrenaline ni omi ara tó ń mú kí àyà wa máa já, kí ọwọ́ sì máa gbọ̀n nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá. Propranolol a lọ gba ibi tí adrenaline ì bá bà sí, nínú ọkàn, nínú iṣan ọwọ́, àti nínú ọ̀nà èémí. Nídìí èyí, ọkàn á lọ́ra, ẹ̀jẹ̀ ríru á sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ tó ń gbọ̀n nígbà iṣẹ́ á rọlẹ̀. Ìdí kan náà ni a kì í fi fún ẹni tó ní ikọ́ fée, ìyẹn asimá, nítorí ó lè fún ọ̀nà èémí pa mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀.

Gbígbọ̀n tó jẹ́ ti propranolol ni èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́: tí èèyàn bá gbé ife, tó ń bu ọbẹ̀, tó fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ sí ihò rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló sábà máa ń mú, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé, kí bàbá ní in, kí ọmọ ní in. Ìbéèrè kan wà tí a kì í gbàgbé láti bi àwọn àgbàlagbà: "Bàbá, bí ẹ bá mu ẹmu díẹ̀, ṣé ọwọ́ yín máa ń dúró?" Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní irú gbígbọ̀n yìí ni ẹmu tàbí ọtí díẹ̀ máa ń mú ọwọ́ wọn rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀. A kò sọ ọ́ kí wọ́n lè fi ẹmu ṣe oògùn o. Àmì ni. Bàbá wa ní ẹmu kò yí ohunkóhun padà, kò sì rántí ẹnì kankan nínú ìdílé rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n.

Àyẹ̀wò orí àga

Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá kankan nínú ohun tí dókítà ṣe tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, kó ka nọ́ńbà sẹ́yìn láti 100, kó máa yọ 7 kúrò. Bí ìṣirò ṣe gba ọkàn rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ń ra ara wọn, bí ìgbà 4 sí 6 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọwọ́ òsì dákẹ́. Wọ́n ní kó na ọwọ́ síwájú: gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, kó tó rọra padà wá. Wọ́n fún un ní ife omi tó kún. Ó gbé e, ó mu, omi kò dà sílẹ̀.

Dókítà di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, ó ń ṣẹ́ ẹ sókè sódò. Kò lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ń há, ó ń dẹ̀, ó ń há. Wọ́n ní kó máa fi ìka ìfábẹ̀lá lu àtàǹpàkò kíákíá. Ti òsì ń lọ geerege, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ ní fífẹ̀, ó ń kéré sí i, ó ń falẹ̀ sí i, títí ìka méjèèjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra wọn. Nígbà tó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà tó sì padà, apá òsì ń fì, apá ọ̀tún kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà rẹ̀.

Wọ́n wá fún un ní bébà kó kọ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìkan lábẹ́ ìkan. Ìlà kìíní ṣe é kà. Nínú ìkejì, àwọn lẹ́tà ti ń fún mọ́ra. Ìparí ìkẹta kéré débi pé nọ́ọ̀sì ní láti wọ awò kó tó lè kà á. Ọmọ rẹ̀ sì fi fótò ìwé nóòtì ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́ hàn lórí fóònù: lẹ́tà gbọ̀ǹgbọ̀n, tó kan ìlà lókè tó kan ìlà nísàlẹ̀, ọwọ́ tíṣà gidi. Ìyàwó rẹ̀ fi kún un pé ó ti tó ọdún mélòó kan tí bàbá kì í gbóòórùn irú mọ́ nínú ọbẹ̀, tó máa ń ta ẹsẹ̀ tó sì máa ń pariwo lójú oorun, tí ìgbọ̀nsẹ̀ sì ti ń ṣòro fún un. Àwọn nǹkan wọ̀nyí sábà máa ń ṣáájú ọwọ́ gbígbọ̀n pẹ̀lú ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí pé kò gbóòórùn irú?

Àrùn Parkinson ni. Nínú àrùn yìí, àwọn ẹ̀yà kan nínú ọpọlọ tó ń pèsè dopamine ti ń kú díẹ̀díẹ̀, dopamine sì ni ọpọlọ fi ń darí ìrìn àti ìfọwọ́ṣiṣẹ́. Propranolol kì í pèsè dopamine. Ó lè dín gbígbọ̀n kù nígbà tí ara kò bá lélẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tú ọwọ́ tó há, kò sì lè yára ìrìn tó falẹ̀.

Kí wọ́n tó kọ oògùn kankan, wọ́n kọ́kọ́ béèrè gbogbo ohun tó ti ń gbé mì. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, torí àwọn oògùn kan wà tó máa ń dá àmì Parkinson sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní in: haloperidol àti chlorpromazine tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ bíi wèrè, metoclopramide tí wọ́n fi ń dá èébì dúró, àti reserpine tó wà nínú àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tí àwọn àgbà wa ṣì ń lò. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ náà ní reserpine nínú, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣọ̀wọ́n nínú àgbo ẹ̀jẹ̀ ríru. Reserpine ló ń lé dopamine kúrò níbi tí ọpọlọ kó o pa mọ́ sí. Òun náà ni onímọ̀ oògùn Arvid Carlsson fún àwọn ehoro ní Sweden ní àwọn ọdún 1950 tí wọn kò fi lè mira mọ́, tó sì wá fún wọn ní levodopa, ohun tí ọpọlọ ń sọ di dopamine, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú Parkinson ti ṣẹ̀. Bàbá wa kò mu irú àgbo bẹ́ẹ̀, kò sì lo èyíkéyìí nínú oògùn wọ̀nyẹn. Pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ tún ń tọ́ka sí Parkinson gan-an, nítorí èyí tí oògùn bá fà sábà máa ń mú ọwọ́ méjèèjì pa pọ̀. Wọ́n yẹ ọrùn wò, wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún thyroid, ẹ̀yà ara kan tó wà ní ọrùn, èyí tó máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n bó bá ti ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí wàhálà níbẹ̀.

Yíyọ propranolol kúrò

ECG, àyẹ̀wò tó ń fi bí iná ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, fi hàn pé ọkàn rẹ̀ lọ́ra, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí iná ọkàn ń gbà kò dí. Ká ní ó dí ni, inú ilé ìwòsàn ni wọn ì bá ti máa ṣọ́ ọ. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n da propranolol nù lọ́jọ́ náà. Wọn kò gbà. Nígbà tí propranolol bá ti bo ibùba adrenaline fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara á ṣe ibùba mìíràn sí i. Bí oògùn bá wá kúrò lójijì, adrenaline á ya bo gbogbo wọn, àyà á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á ga sókè, ẹni tó bá sì ní àìsàn òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn láìmọ̀ lè ní ìkọlù ọkàn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi yọ ọ́: 20 mg lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ fún ọjọ́ 5, 20 mg lẹ́ẹ̀mejì fún ọjọ́ 5, 10 mg lẹ́ẹ̀mejì fún ọjọ́ 4, ó parí. Lọ́jọ́ tó parí, ọkàn rẹ̀ ti ń lù nígbà 68, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti padà sí 138/82.

Levodopa, àti hóró tí kì í ṣe ọ̀kan náà

Dopamine fúnra rẹ̀ kò lè wọ inú ọpọlọ láti inú ẹ̀jẹ̀. Levodopa lè wọ ibẹ̀, ọpọlọ á sì sọ ọ́ di dopamine. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ara á ti sọ èyí tó pọ̀ jù di dopamine kó tó dé ọpọlọ, ìyẹn ló ń fa èébì àti ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sílẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń po carbidopa mọ́ ọn, kó dí ara lọ́wọ́. Carbidopa gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 70 sí 100 mg lóòjọ́ kó tó lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa.

Ẹ wo nọ́ńbà ara páálí dáadáa. Dókítà kọ 25/100: carbidopa 25 mg, levodopa 100 mg. Ààbọ̀ hóró lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà odindi hóró lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní odindi, carbidopa á jẹ́ 75 mg lóòjọ́, ó tó. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti lọ rà á, 25/250 ni wọ́n bá. Wọ́n ní kí bàbá máa dá a sí méjì, kó máa lo ìlàjì kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó jọ pé ohun kan náà ni, kì í ṣe ohun kan náà rárá. Levodopa di 375 mg lóòjọ́ láti ọjọ́ kìíní, carbidopa sì já sí 37.5 mg péré. Ní ọjọ́ kejì, èébì gbé bàbá dè.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni ohun tó ń dùn wá jù nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n lọ ra oògùn èébì, metoclopramide ni wọ́n sì tà fún wọn. Èébì dáwọ́ dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n metoclopramide ń wọnú ọpọlọ, ó sì ń dí ẹnu ọ̀nà tí dopamine ń gbà ṣiṣẹ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, bàbá há gan-an, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́ mọ́, kò lè yí padà lórí ibùsùn. Ẹbí gbà pé levodopa ló ń pa á. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n fẹ́ dá a dúró pátápátá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ pe ilé ìwòsàn. Dídá levodopa dúró lójijì lára ẹni tó ti ń lò ó lè mú kí ara há gbagidi, kí ibà tó ga gan-an sì dé, tó lè gbẹ̀mí èèyàn.

Metoclopramide ni wọ́n dá dúró. Wọ́n wá 25/100 kàn, wọ́n padà sí ààbọ̀ hóró, wọ́n sì ní kó fi bisikíìtì méjì tàbí ògì fífún díẹ̀ gbé e mì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹnì kan dárúkọ domperidone, oògùn èébì tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọpọlọ, tí kì í sì í ba iṣẹ́ levodopa jẹ́. Ó dára ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè da ìlù ọkàn rú, pàápàá bó bá pàdé erythromycin, fluconazole, tàbí oògùn ibà tó ní lumefantrine. Ní Èkìtì, tí èèyàn máa ń lo oògùn ibà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, dókítà kò fẹ́ fi í sílé bàbá. Kò sì wúlò mọ́ nígbẹ̀yìn. Inú bàbá ti balẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí.

Àkókò oúnjẹ ni ohun tó kù. Ẹbí ròyìn pé hóró àárọ̀ ń ṣiṣẹ́, ti ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Aago méjì ọ̀sán ni bàbá máa ń jẹ iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran, kó tó gbé oògùn mì lórí rẹ̀. Iyán fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹran, ẹja, ẹ̀gúsí, ẹyin, ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín ní èròjà aṣaralóore tó ń bá levodopa du ọ̀nà kan náà, láti inú ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ọpọlọ. Bí èrò ṣe ń já ọkọ̀ gbà ní gáréèjì Adó lọ́jọ́ ọjà ni, ẹni tó bá pọ̀ jù ló ń wọlé. Oúnjẹ tó wúwo tún máa ń pẹ́ nínú ikùn, oògùn á sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Wọn kò ní kó fi ẹran sílẹ̀. Ìtọ́ni wọn ni pé kó gbé oògùn mì pẹ̀lú omi ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 60 ṣáájú oúnjẹ, kó sì kó ẹran àti ẹ̀wà púpọ̀ sí alẹ́. Hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú gbọ́dọ̀ fi wákàtí méjì jìnnà sí i. Wọ́n tún sọ fún wọn pé ìtọ̀ tàbí òógùn lè pọ́n tàbí kó dúdú díẹ̀, kí ìyẹn má ṣe já wọn láyà.

Levodopa náà máa ń já ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀, pàápàá bí èèyàn bá dìde. Bó ṣe yẹ kí wọ́n wọ̀n ọ́ nìyí: kí aláìsàn dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n wọ̀n ọ́, kó dìde, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́ ní ìṣẹ́jú 1 àti ní ìṣẹ́jú 3. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 jábọ́, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ fi 10 jábọ́, ewu ìṣubú wà níbẹ̀. Ti bàbá wa jábọ́ láti 136/82 sí 112/70. Wọ́n dín amlodipine kù sí 5 mg. Àwọn tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ aláìsàn Parkinson lórí ìjókòó nìkan kì í rí èyí.

Ẹnì kan lára ọmọ rẹ̀ gbọ́ pé èso wèrèpè ní levodopa nínú. Òótọ́ ni, ó ní in. Ṣùgbọ́n kò sí carbidopa nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ iye levodopa tó wà nínú ìkúnwọ́ èso kan. Bó bá gun orí hóró tí dókítà kọ, èébì àti òòyì á tún padà. Wọ́n ní kó fi í sínú igbó.

Ká ní bàbá yìí jẹ́ ẹni tí ọwọ́ méjèèjì ń gbọ̀n tó bá gbé ife, tí kò há, tí kò falẹ̀, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ọkàn rẹ̀ ń lù ju 60 lọ, tí kò sì ní asimá, propranolol ni à bá kọ fún un láìbẹ̀rù: 10 tàbí 20 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí a máa ka ìlù ọkàn kí a tó fi kún un. Kì í ṣe 120 mg lóòjọ́ láti ọjọ́ kìíní. Kò sì gbọ́dọ̀ pàdé verapamil tàbí diltiazem, nítorí gbogbo wọn ló ń fa ọkàn sẹ́yìn. Ẹni tó ń lo insulin tàbí glibenclamide fún ìtọ̀ ṣúgà ní láti mọ̀ pé propranolol lè fi àyà jíjá pa mọ́ nígbà tí ṣúgà bá já sílẹ̀. Òógùn nìkan ló lè kù láti fi mọ̀ ọ́n. Bó bá sì jẹ́ ọkàn tó ti rẹ̀wẹ̀sì, tó ń mú ẹsẹ̀ wú, bisoprolol, carvedilol tàbí irú metoprolol tó ń tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń lò níbẹ̀.

Ní oṣù kẹta, bàbá ń lo 25/100, hóró kan ní aago 6 àárọ̀, kan ní aago 12, kan ní aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ó ń dìde lórí àga láìdi ẹnikẹ́ni mú, apá ọ̀tún ti ń fì díẹ̀. Gbígbọ̀n kò tán, ó ṣì ń yọjú nígbà tó bá jókòó jẹ́ẹ́. Wọn kò fi propranolol kún un. Wọ́n ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bí ọdún bá ń gorí ọdún, ó ṣeé ṣe kí hóró kan má lè mú un dé àkókò èkejì mọ́, tàbí kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í yí láìní ìdí. Bó bá rí ìkankan nínú méjèèjì, kó kọ wákàtí tó ṣẹlẹ̀ àti wákàtí tí bàbá gbé oògùn mì sílẹ̀, kó mú un wá. Kí ó má ṣe fi hóró kún hóró nílé.